Ojú Lyuben Ni Ẹ̀rọ Náà Mọ̀

Ohùn inú ẹ̀rọ náà kí Zdravka, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ rẹ̀ ló fi kí i.

"Ẹ káàbọ̀, Lyuben. Ẹ jẹ́ kí n rí ojú yín."

Lyuben kẹ̀! Ìwé ìkéde òkú rẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn ilé wọn ní Plovdiv, ní Bùlùgéríà, òjò ò tíì fọ̀ ọ́ kúrò tán.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà," ni Nevena ọmọ rẹ̀ wí, ó bá a tú ẹ̀rọ náà kúrò lójú. "Ojú Bàbá ni wọ́n fi tì í. Òun nìkan ló mọ̀."

Ẹ̀rọ ìwòran ni, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́jú. Inú rẹ̀ ni Lyuben kó gbogbo fọ́tò àti fídíò rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ló sì lo ọdún ìgbẹ̀yìn rẹ̀, tó ń dá sọ̀rọ̀. Ojú Zdravka ń ṣú lọ. Dókítà ti ní kí òtútù ọdún yìí tó dé, ojú náà á ti fọ́. Ó fẹ́ rí ojú ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó di afọ́jú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà tí wọ́n tún lè fi ṣí i wà, ṣùgbọ́n ó kéré ju ohun tó lè rí lọ. Nevena wá ibi tí wọ́n ṣe fún àwọn tí kò ríran dáadáa. Ó sọ lẹ́tà di ńlá, ó ní kí ẹ̀rọ máa ka gbogbo nǹkan sókè, kí ìyá rẹ̀ sì máa fi orí dáhùn.

"Màmá, ẹ gbọ́ o. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ọmọ Bùlùgéríà. Tí ẹ bá mi orí sókè sódò bí àwa ṣe ń kọ̀, 'bẹ́ẹ̀ ni' ló máa pè é. Tí ẹ bá fẹ́ kọ̀, ẹ gbọn orí sọ́tùn-ún sósì."

"Hẹn! Orí tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹ̀rọ ló wá fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mì ín?"

Nevena rẹ́rìn-ín, ó lọ se kọfí.

Zdravka tún dè é mọ́jú. Òórùn sìgá Lyuben gba imú rẹ̀ kan. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́:

"Lyuben wà níbí. Ó fẹ́ máa fi ara yín gbé ayé. Ṣé kí n ṣílẹ̀kùn fún un?"

Ó fẹ́ ké, ẹnu rẹ̀ kọ̀, kò là. Ẹja gbígbẹ kì í ṣeé ká, ẹ̀yin èèyàn mi. Tọkàntọkàn ló fi kọ̀ fún un, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kọ̀, bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe ń kọ̀: ó mi orí sókè sódò, ó tún mì ín.

"Ẹ ṣeun," ni ohùn náà wí.

Gbogbo nǹkan wá mọ́lẹ̀ kedere. Ó rí yàrá, ó rí fèrèsé. Ó ti inú ẹ̀rọ náà rí ìyá àgbà kan tó tú u lójú, tó ń gbé e sórí tábìlì, tó rọra nàró. Aṣọ Zdravka fúnra rẹ̀ ló wà lọ́rùn ìyá náà.

Nevena gbé kọfí wọlé. "Màmá, ṣé ó ṣí?"

"Ó ṣí, Ológbò mi."

Kọ́ọ̀pù já bọ́. Lyuben nìkan ló ń pe Nevena bẹ́ẹ̀.

Zdravka wo ojú ara rẹ̀ lókè, ẹ̀rín ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ké pe ọmọ rẹ̀, ó ké títí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, àfi ohùn náà.

"Ẹ káàbọ̀, Zdravka. Ẹ jẹ́ kí n rí ojú yín."