Lórí Bẹ́ǹṣì

Tíṣà àti ọmọ jọ dúró lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí Láwàlì wọ kíláàsì. Òfin hẹdimásítà ni pé ọmọ tí kò bá mọ̀wé kà yóò gun bẹ́ǹṣì títí agogo yóò fi lù. Mísì Yéwándé kò lágbára láti yí òfin náà padà. Ó bá ọmọ gùn ún.

Títílọlá lọmọ náà, ọmọ Láwàlì. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò dáhùn ìbéèrè kankan mọ́. Bàbá rẹ̀ wá láti mú un kúrò nílé ìwé, kó máa bá a ta aṣọ ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Ìtòkú.

“Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Mísì. Mò ń mú un lọ.”

“Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ṣùgbọ́n a ò tíì kà á tán.”

Títílọlá ka ọ̀rọ̀ kan, ó ṣì í kà. Láwàlì fẹ́ bá a kà á.

“Ẹ panu mọ́, Bàbá Títí. Àbí ẹ̀yin náà fẹ́ gun bẹ́ǹṣì?”

Wọ́n dúró dè é. Ó tún un kà, ó tún ṣì í. Nígbà tó yá, ó kà á bó ṣe yẹ.

Láwàlì kò mú un lọ mọ́. Lọ́sàn-án, ó ń wá jókòó, ó ń panu mọ́.

“Ẹ ti ń mọ̀ ọ́n ṣe,” ni Yéwándé wí.

“Ó le ju aṣọ títà lọ. Ó rẹ̀ mí.”

“Ó rẹ èmi náà, aláṣọ mi.”

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Katikíìsì ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá Yéwándé, ní Òwu. Kò fẹ́ Ìmàle ní àna. Nígbà tí Láwàlì wá tọrọ ọmọ rẹ̀, kò ní kó jókòó.

“Kí lo ní í sọ?”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Láwàlì ti tò sílẹ̀ fò lọ lórí rẹ̀.

Yéwándé dìde, ó lọ dúró tì í. Kò bá a sọ ọ́.

“Jókòó, Yéwándé.”

“Ẹ jẹ́ ó sọ̀rọ̀ tán ná, Bàbá.”

Ó pẹ́. Láwàlì bẹ̀rẹ̀, ó kólòlò, ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Mo fẹ́ ẹ, sà. Mi ò ní ní kó fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.”

Bàbá náà wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó ti wú nítorí ìdúró orí bẹ́ǹṣì. Ó mí kanlẹ̀.

“Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì.”

Wọ́n ṣègbéyàwó ní kóòtù lọ́dún 1949. Nílé, Títílọlá ka àdúrà níwájú àwọn àlejò. Ó ṣì í níbì kan, ó tún un kà. Kò sẹ́ni tó bá a kà á.

Hẹdimásítà kò yí òfin rẹ̀ padà. Bẹ́ǹṣì náà ṣì wà ní kíláàsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń mì.