Igi Ẹ̀gbà Tó Gbọ́mọ Dání

Àlùwàlá wà lára mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mò ń retí ìpè ìrun Sùbúù. N kò lè fi àlùwàlá purọ́. Ojú mi báyìí ló ṣe.

Ẹja ni mo ń yan tà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Igi ẹ̀gbà la fi ń yan án, igi tó máa ń dúró lórí gbòǹgbò rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà. Bó ti wù kó tutù tó, ó ń jó. Ṣùgbọ́n ó ti wọ́n. Wọ́n ti kó yanrìn dí ibi tí wọ́n ti ń gé e.

Inú mi dùn nígbà tí Haleem, ọkọ ọmọ mi Mariyah, kó o wá. Ó ń ṣán ilẹ̀ tó fẹ́ kọ́lé sí lódìkejì ọ̀sà.

Ìyá ọkọ mi, Alhaja Morufat, fa ẹ̀ka kan yọ. Àwọn nǹkan gígùn, tútù, rọ̀ lára rẹ̀ bí ìka.

"Ta ló gé èyí?"

"Èmi àti àwọn lébìrà ni, Màmá."

"O ò rí i pé ó gbọ́mọ dání? Ara ìyá ni ọmọ ẹ̀gbà ti ń hù. Tí àkókò bá tó, á já, á dúró sínú ẹrẹ̀. A kì í gé e báyìí."

Haleem rẹ́rìn-ín. "Màmá, igi mà ni. Kì í ṣe aboyún."

"Aboyún ńkọ́ nílé ẹ?"

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Oyún Mariyah ti pé, ọ̀dọ̀ mi ló wà.

Mo fi iná sí igi náà. Kò jó. Omi ló ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí omi ọ̀sà ń fà, mo gbọ́ ìró kan láàárín igi tí Haleem kó wá. Pọ̀. Pọ̀. Pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa ń ṣe tí omi bá kúrò lórí rẹ̀. Símẹ́ńtì sì ni àgbàlá wa.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kọjá. Wọ́n fún Mariyah lábẹ́rẹ́ ìrọbí. Kò rọbí. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù.

"Ọmọ ò ríbi sọ̀ sí," Alhaja wí. "Ẹ dá ọmọ igi padà sẹ́rẹ̀."

Èmi àti Haleem já àwọn ọmọ igi náà sínú báàfù. A gbé wọn dé etí ọ̀sà ní Marina. Kọnkéré. Ọkùnrin kan fi wá ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyá, ilá lẹ fẹ́ gbìn sórí kọnkéré?"

A wọkọ̀ ojú omi lọ síbi tí Haleem ti gé wọn. Yanrìn funfun, títí détí omi. Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wà á.

"Mọ́mì, ẹrẹ̀ ló wà níbí. Wálláhì, ẹrẹ̀ ni."

Ọwọ́ rẹ̀ ò kàn án. A gbé báàfù padà sílé.

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, mo bá Mariyah ní àgbàlá. Kò tan iná. Ó ki ẹsẹ̀ bọ báàfù náà. Àwọn ọmọ igi dìde dúró yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, lóòró, láìsí ẹni tó dì wọ́n mú.

"Màámi, ẹ ò rí ẹrẹ̀ mú bọ̀?"

N kò tíì sọ ibi tí a lọ fún un.

Àná nìyẹn. Òní ni iṣẹ́ abẹ. Mariyah sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Omi ọ̀sà ń fà. Mo ka Áyátúlù Kúrúsí, mo fi etí lé ikùn rẹ̀ kí n gbọ́ ọmọ.

Pọ̀.

Pọ̀.