Èpè Tí Kò Jáde Lẹ́nu Ògúnjìnmí

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má tíì fi di ẹ̀pà. Jókòó kí o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí káfíńtà kan ní Òṣogbo. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dalẹ̀ rẹ rí, ìwọ gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ògúnjìnmí ni orúkọ rẹ̀. Abúlé oníkòkó kan lẹ́bàá Iléṣà ni wọ́n ti bí i, àmọ́ Alékùwòdò ní Òṣogbo ló ti rí jẹ. Ní ọdún 1971 tí à ń wí yìí, ṣàṣà ni ọkọ ìyàwó tí kì í wá kan bẹ́ẹ̀dì lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Adédìran. Abẹ́ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ ní Iléṣà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba òmìnira, ọ̀gá wọn ki ẹnu ayùn bọ inú igbá omi, ó ní kí wọ́n mu ún, wọ́n sì búra bí gbogbo ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti máa ń búra: “Bí mo bá da ẹni tó gbára lé mi, kí Ògún dá mi lẹ́jọ́ tilétilé.” Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá ń wá Adédìran, ilé Ògúnjìnmí ló ń gbà lọ.

Nígbà tó yá, Adédìran fi iṣẹ́ igi sílẹ̀, ó ń ta páànù. Ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, níbi tí gọ́tà ti yà. Kí ọkọ̀ lè ráàyè dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó da kọnkéré bo gọ́tà náà. Ihò tó fi sílẹ̀ fún omi kò ju ẹnu ìkòkò ọbẹ̀ lọ.

Ògúnjìnmí rí i, kò wí nǹkan kan, nítorí òun náà ní tirẹ̀. Ẹ ṣáà mọ ìṣe wa: bí òjò bá ti ṣú, olúkúlùkù a gbé ìdọ̀tí ilé rẹ̀ jáde, a dà á sí gọ́tà kí àgbàrá lè gbé e lọ. Ibi tó ń gbé e lọ, a kì í bèèrè. Apẹ̀rẹ̀ ìyẹ̀ pákó mẹ́ta mẹ́rin ni Ògúnjìnmí máa ń dà síbẹ̀ lójoojúmọ́ tí òjò bá ṣú.

Opó kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá àgbà aláró, Mùsùlùmí, ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìyá Rájí ni wọ́n ń pè é. Kánò ni Rájí ọmọ rẹ̀ wà, nítorí náà Ògúnjìnmí ni ìyá yìí fi ṣe ọmọ.

Ní ọjọ́ kan, ó pè é. Ó ní, “Ògúnjìnmí, omi gọ́tà yìí kò lọ mọ́ o. Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá,” ni Ògúnjìnmí wí. “Bí omi bá fẹ́ wọlé yín, èmi ni máa kọ́kọ́ wá gbé yín jáde.”

Ọkàn ìyá kò balẹ̀ tán. Ó rán ẹnì kan sí wolé-wolé. Nígbà tí wolé-wolé dé, ọ̀dọ̀ Ògúnjìnmí ló ti kọ́kọ́ bèèrè bóyá ohun kan dí gọ́tà níbì kankan. Ògúnjìnmí ro ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, “Kò sí ohun tó dí i, ọ̀gá. Ìyá ti dàgbà ni, ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.” Wolé-wolé gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Adédìran dì mọ́ ọn, ó ní kò sí ọ̀rẹ́ bíi tirẹ̀ láyé.

Ní oṣù kẹsàn-án, òjò kan bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Àmọ́ ní ọjọ́ yẹn, onílé kò lágbára rẹ̀. Omi tó yẹ kó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Adédìran kọjá padà sẹ́yìn, ó wọlé Ògúnjìnmí, ó mu ún dé ìbàdí. Òun àti Fẹ̀hìntọlá ìyàwó rẹ̀ ń kó àwọn ọmọ gun orí tábìlì, bẹ́ẹ̀dì tó ti kàn tán sì ń léfòó. Níbi tí wọ́n ti ń sá sókè sódò, wọ́n gbọ́ ariwo ògiri tó wó. Ògiri yàrá Ìyá Rájí ni, ó sì ti já lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìkòkò aró rẹ̀ dojú dé, omi àdúgbò di dúdú bí ẹ̀lú.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, wolé-wolé padà wá, inú rẹ̀ kò dùn rárá. Gbogbo àdúgbò pé jọ. Ó bèèrè ẹni tó dí gọ́tà.

Adédìran ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. “Káfíńtà yìí ni,” ó wí. “Mo bá a wí títí, kò gbọ́. Ẹ wo ìyẹ̀ pákó rẹ̀.” Kò wo ojú Ògúnjìnmí bó ti ń sọ ọ́. Wolé-wolé kọ̀wé kóòtù, ó fi lé Ògúnjìnmí lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ògúnjìnmí lákínyẹmí ara. Ẹni tí òun tìtorí rẹ̀ parọ́ ló tà á lójú gbogbo ayé. Omi kò dùn ún mọ́, bẹ́ẹ̀dì kò dùn ún mọ́. Ó jókòó sí inú ẹrẹ̀ ilé rẹ̀. Nígbà tó dìde, ayùn rẹ̀ ló mú. Ó bu omi sí igbá, ó ki ẹnu ayùn bọ̀ ọ́, ó sì kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Adédìran. Bó bá ti fi ìbúra ọjọ́ òmìnira wọn pe orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ.

Ọláìtán bíríkìlà, onígbàgbọ́ kan, wà nínú gọ́tà níwájú ilé, ó ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ògúnjìnmí a máa fi í ṣẹ̀sín tẹ́lẹ̀, a ní “wòlíì oníyẹ̀pẹ̀”.

“Kí lo fẹ́ fi ayùn ṣe?” ni Ọláìtán bi í.

“Ẹ má dá sí i, bọ̀dá. A jọ búra, ó sì dà mí.”

“Òótọ́ ni, ó dà ọ́. Báwo ni ìbúra yẹn ti lọ?”

Ògúnjìnmí bẹ̀rẹ̀ sí í wí i: “Bí mo bá da ẹni tó gbára lé mi…” Kò tíì wí i tán tí wọ́n fi gbé Ìyá Rájí bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá a to eegun. Ìyá rí i, ó ní kí wọ́n dúró.

“Ọmọ mi, ṣé omi kò gbé àwọn ọmọ rẹ? Àlùhámúdùlíláì. Mo ti sọ fún wọn pé, ká ní o mọ̀ pé omi ń bọ̀ ni, ò bá ti wá gbé mi.”

Wọ́n gbé e wọlé. Ẹnu Ògúnjìnmí là sílẹ̀, èpè kò jáde. Bó bá jáde, orí òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bà lé.

“Bọ̀dá,” ó wí, “ọ̀dàlẹ̀ ni èmi náà. Èmi ni èpè yìí tọ́ sí.”

Ọláìtán fi ṣọ́bìrì sílẹ̀. “Ó tọ́ sí ọ, ó tọ́ sí èmi náà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Jésù fi kú. Ẹni tó bá a jẹun pọ̀ ló tà á, àwọn ọ̀rẹ́ tó kù sá lọ. Kò ṣépè lé wọn. Ègún tó yẹ kó wá sórí wa ni ó gbà sórí ara rẹ̀.”

“Kí ni kí n wá ṣe?”

“Má fi ẹ̀ṣẹ̀ Adédìran bo tìrẹ mọ́lẹ̀ mọ́. Jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Ọlọ́run, kí o sì fi ara rẹ lé Jésù lọ́wọ́.”

Ògúnjìnmí kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ìgbà tó dìde, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Rájí, ó ka gbogbo irọ́ rẹ̀ fún un. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá wí ni pé, “Ó dùn mí, Ògúnjìnmí.” Ògúnjìnmí àti Ọláìtán ló tún ògiri náà mọ. Ní kóòtù, kò sẹ́ ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Adédìran kò wá bẹ̀ ẹ́ títí dòní. N kò ní tàn ọ́ jẹ: ó ṣì ń dun Ògúnjìnmí bí wọ́n bá pàdé tí ọkùnrin náà gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmọ́ ó ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà lójoojúmọ́, ó sì ń tọrọ ire fún un.

Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ pé wọ́n ṣe ọ́. O lè dárúkọ ẹni náà, ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tó sọ. Ṣùgbọ́n ta ni ìwọ ṣe? Ta ló fọkàn tán ọ, tí o já a kulẹ̀, tí kò tilẹ̀ tíì mọ̀? Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ ìdájọ́, kò ní bi ọ́ léèrè ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó dà ọ́. Tìrẹ ni yóò bi ọ́.

Má sọ pé ó di ìgbà tí ẹni náà bá wá bẹ̀ ọ́. Ó lè má wá láé, ikú sì lè wá ṣáájú rẹ̀. Ronú pìwà dà lónìí. Jésù, ẹni tí wọ́n dà tí kò da ẹnikẹ́ni, ń pè ọ́ báyìí. Dá a lóhùn.