Ẹ̀yìn Máíkírówéèfù ni Kí Ẹ Wò

"Ẹ má tíì sanwó, Tọ̀ntọ̀n! Ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná."

Gbogbo ojú tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù Àjàmú ló yí sọ́dọ̀ Fàsílátù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tòun ti aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn, ló ń dá àgbà dúró lójú ọjà! Tọ̀ntọ̀n wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì rọra yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò agbádá rẹ̀.

Alájì Làmídì ni Tọ̀ntọ̀n yìí, ẹ̀gbọ́n ìyá Fàsílátù. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ta ìkòkò ní Àbíjàn, níbi tí ìdajì àwọn ará Ẹ̀jìgbò ń gbé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kó "tọ̀ntọ̀n" tí àwọn Faransé ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá wálé. Láti ìgbà tí bàbá Fàsílátù ti kú, òun ló ń gbọ́ bùkátà wọn. Tó bá ti wálé ọdún Iléyá, ohun tó bá yàn fún wọn ni wọ́n máa gbà. Òun ló yan páànù tó wà lórí ilé wọn. Páànù ọ̀hún ń jò, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti Àbíjàn dé? Abọ́ ni wọ́n ń gbé síbi tó ń jò, wọ́n á sì máa dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ tọdún 1994 yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ páànù o. Ràfíátù, ìyá Fàsílátù, ń ta àtíékè, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fi ẹja díndín jẹ, tó kọ́ sísè rẹ̀ ní Àbíjàn. Báńkì tuntun kan ní ìlú ti gbà á láyè kó máa tà fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá obìnrin tó ń bójú tó ọgbà náà, Damaris, ti kìlọ̀ fún un: "Ìyá, kò gbọdọ̀ sí sítóòfù, kò gbọdọ̀ sí èédú. Ẹ ra máíkírówéèfù tí ẹ ó fi máa gbé e gbóná. Ọjọ́ Ajé lẹ ó bẹ̀rẹ̀. Tí oúnjẹ bá tutù, obìnrin kan láti ìlú Ara ti ń dúró de àyè yẹn." Ìdí nìyẹn tí Tọ̀ntọ̀n fi mú Fàsílátù dání wá sọ́dọ̀ Àjàmú, ẹni tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀.

Máíkírówéèfù méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní dúdú, ó tóbi, ó ń dán, bọ́tìnnì tó ń tàn yanran ló wà níwájú rẹ̀. Èkejì kéré, funfun rẹ̀ ti ṣá, kóró méjì tí wọ́n ń fọwọ́ yí ló ní. Tọ̀ntọ̀n gbé dúdú yẹn wò, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ó wúwo! Ohun tó bá wúwo ló máa ń tọ́jọ́."

Ìkòkò ló ń rò o. Bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò tó dára nìyẹn, ó sì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ọjà rí.

Fàsílátù ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn máíkírówéèfù náà. "Tọ̀ntọ̀n, ọgọ́fà fóòtì ni wọ́n kọ síbí. Ti Amẹ́ríkà ni. Iná tiwa tó ojìlúgba. Ọ̀gbẹ́ni Matthias, olùkọ́ wa, ti kọ́ wa pé tí wọ́n bá ki irú rẹ̀ bọ iná tiwa, bí ẹni da omi àmù sínú ife ni. Á jóná."

Àjàmú bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé ife omi kan sínú rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Kò pẹ́ tí omi fi ń hó yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́.

"Ṣé ó jóná?" Tọ̀ntọ̀n bi í. "Ọmọdé ìwòyí! Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Dákẹ́ síbẹ̀."

Wọ́n pe ìrun Àsárì ní mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí, Tọ̀ntọ̀n sì lọ kírun. Bó ti jáde ni Àjàmú fà sún mọ́ Fàsílátù, ó gbé ẹ̀rọ ìṣirò tuntun kan lé orí tábìlì, irú èyí tí wọ́n ń lò fún ìdánwò àṣekágbá.

"Àbúrò mi, ìwọ ni mo fún. Má ṣèyọnu mọ́."

A kì í purọ́ fún ọmọ aráyé: ọkàn ọmọ náà fà sí i. Ti Sàrátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń yá lò, Sàrátù a sì máa fi yangàn sí i lára. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń nà lọ kó tó bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí ọjà yìí kò bá lábùkù, kí ni wọ́n ń sanwó ìdákẹ́ fún òun sí?

"Ẹ mú un padà, ẹ̀gbọ́n. N ò gbà á."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ okùn iná máíkírówéèfù náà. Okùn kò lọ sára ògiri, abẹ́ tábìlì ló wọ̀. Ó ká aṣọ tó bo abẹ́ tábìlì sókè. Àpótí irin kan ló ń kùn hùn-ùn níbẹ̀. Òun ló ń dín iná kù kó tó dé inú máíkírówéèfù náà.

Ibi tó ti di aṣọ yẹn mú ni Tọ̀ntọ̀n bá a.

"Fàsílátù! O ń tú ṣọ́ọ̀bù àgbà? Ilé-ìwé yẹn ló bà ọ́ jẹ́. Ó parí! Lọ́jọ́ Àìkú, ìwọ pẹ̀lú mi ni, Àbíjàn ló yá. Wá máa bá mi ta ìkòkò."

Ọmọbìnrin mẹ́ta ládùúgbò wọn ni wọ́n ti mú lọ bẹ́ẹ̀, ìwé wọn sì parí síbẹ̀. Ọdún kan péré ló kù fún òun. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí i ju bí ẹ̀rù ṣe ń bà á lọ.

"Mo gbà, Tọ̀ntọ̀n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ki okùn iná rẹ̀ bọ ara ògiri tààrà, kó má gba inú àpótí yìí. Tí kò bá jóná, èmi fúnra mi ni n ó di ẹrù mi."

"Àjàmú, ki í bọ ara ògiri jàre! Jẹ́ kójú ti ọmọ yìí."

Àjàmú mú okùn iná. Ó rìn dé ara ògiri, ó sì dúró. Òógùn bò ó.

"Alájì, ẹ jẹ́ ká… ẹ jẹ́ ká ṣe Bísímílà ná."

"Mo ti ṣe é. Ki í bọ ògiri!"

Àjàmú sọ okùn náà sílẹ̀. "Á jóná, Alájì."

Háà! Tọ̀ntọ̀n wo Àjàmú títí, ó kàn ń mi orí. "Èmi lo fẹ́ ta èyí fún?" Kò bẹ Fàsílátù o. Ó kàn yíjú sí i, ó ní, "Èwo ló wá dára?"

Fàsílátù kúnlẹ̀ fún àwọn méjèèjì. "Ẹ forí jì mí nítorí aṣọ tí mo ká. Ti ọ̀rọ̀ tí mo sọ, n ò ní í tọrọ àforíjì lórí ìyẹn."

Ó dìde, ó lọ sídìí funfun yẹn. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀: ojìlúgba. Ó fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ó ń dé pinpin, ó fà á, kò yọ. Ó yí kóró méjèèjì wò. Ó ki okùn iná rẹ̀ bọ ara ògiri fúnra rẹ̀, ó gbé omi sí i, omi hó. Èyí ni wọ́n gbé lọ sílé.

Ràfíátù jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tọ̀ntọ̀n tún agbádá ṣe. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò," ló wí.

"Tọ̀ntọ̀n," Fàsílátù ní, "ta ló wò ó?"

"Fàsílátù!" Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé àyà.

Ẹ̀rín pa Tọ̀ntọ̀n, ó rín in débi tí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

"Ràfíátù, ọmọ rẹ ló wò ó. Ìkòkò ni mo mọ̀, n ò mọ iná. Wọ́n sì fi nǹkan bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, kò gbà á. Àjàmú ló fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi ká tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, èmi nìkan ni mò ń lọ."

Lọ́jọ́ Ajé, àtíékè gbóná ní báńkì, èéfín ń rú lórí ẹja. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa kúnlẹ̀ fún àgbà, ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ dákẹ́ kí wọ́n máa rẹ́ àgbà yín jẹ lójú yín, ìyẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀, ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni.