Ọnà Méjìlá Tó Ṣẹ́ Kù

"Ummulkulthum, òjò ti dé! Ká aṣọ wọlé!"

Bí òjò bá ti ṣú ní Ìtòkú, aláró kì í bi ara wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe. Ummulkulthum àti ìyá rẹ̀, Adépéjú, sáré kó àdìrẹ tútù wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sá wọn sórí okùn. Aṣọ nìkan ni wọ́n ń wò. Kọ̀ǹpútà wà lábẹ́ okùn níbẹ̀; aró kán sí i títí tó fi kú. Atúnkọ̀ǹpútà tú inú rẹ̀ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é yọ níbẹ̀ mọ́.

Fọ́tò ọgọ́rin ọnà àdìrẹ ló wà nínú rẹ̀, gbogbo èyí tí Ìyá Àgbà, ìyá Adépéjú, fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ yà sára aṣọ kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Àwọn aṣọ náà ti tà tipẹ́.

"A dúpẹ́ pé o ti kó wọn sórí kíláòdù," ni Adépéjú wí. "Ṣí i lórí fóònù ká rí i."

Ummulkulthum mú fóònù, ṣùgbọ́n kò ṣí i. Ní oṣù tó kọjá, Àǹkù Tawheed, àbúrò ìyá rẹ̀, ra dátà fún un, ó ní: "Ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Bí kọ̀ǹpútà bá jóná pàápàá, ọnà wa á wà níbẹ̀." Ummulkulthum kó méjìlá síbẹ̀, ó sú u. Fíìmù ló fi dátà yòókù wò. Bí wọ́n bá bi í, á ní òun ti kó o tán.

Ó fẹ́ sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ó wo ojú Ìyá Àgbà, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú. Irọ́ ni mo pa. Méjìlá péré ló wà níbẹ̀."

"Oṣù kan gbáko!" Adépéjú figbe ta.

"Ọnà Ẹyẹlé Orí Àpáta ńkọ́?" ni Ìyá Àgbà bi í. "Oyún ìyá ẹ ló wà nínú mi nígbà tí mo yà á."

"Kò sí níbẹ̀, mà."

Ìyá Àgbà fi etí gèlè nu ojú.

"Gbé ẹ̀kọ àti ìyẹ́ wá. Ojú mi ló lọ, ọwọ́ mi ṣì rántí díẹ̀."

Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, wọ́n jọ ya ẹyẹlé kan. Ẹ̀kọ ò tíì gbẹ tí Ummulkulthum fi ya fọ́tò rẹ̀, tó sì fi ránṣẹ́ sórí kíláòdù.

"Ó ti dé ọ̀hún?" ni Ìyá Àgbà bi í.

"Ó ti dé, mà."

"Èmi ò gbà ẹ́ gbọ́ mọ́ o. Péjú, wò ó lórí fóònù tìrẹ."

Adépéjú wò ó. Ẹyẹlé náà wà níbẹ̀.

Títí ààwẹ̀ fi dé, ọnà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n rí kó jọ, pẹ̀lú méjìlá àkọ́kọ́. Ìyókù ti lọ pátápátá. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ ilé yín wà nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá sì rán yín níṣẹ́, ẹ jẹ́ ẹ tán kí ẹ tó sọ pé ẹ ti jẹ́ ẹ.