Efinrin Nínú Ata

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tí kò bá gbà á, ilé ìyá mi ní Iléṣà kò sá lọ, ọlọ tó ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé.

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí Ọbabìnrin wá láti ìlú òyìnbó ni mo mú ìyàwó mi, Làbákẹ́, wá sílé láti Òṣogbo. Nílé wa, ìyàwó tuntun gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ lọ ata ọbẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ràn án lọ́wọ́, ọ̀lẹ ni wọn yóò máa pè é títí ayé.

Ọ̀sán gangan la jókòó jẹun. Yèyé mi tọ́ ọbẹ̀ wò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ta ló lọ ata yìí?"

"Èmi ni, Yèyé."

"Ìwọ lo lọ efinrin mọ́ ọn?"

Làbákẹ́ wò mí. A ò ra efinrin. Èmi náà wá gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Èmi ni," ni Làbákẹ́ dáhùn.

Fúnmilọ́lá, àbúrò mi, nìkan ló máa ń lọ efinrin mọ́ ata nílé wa. Ibà ló pa á kí n tó gbéyàwó. Oko kòkó ni Yèyé wà nígbà náà. Wọ́n ti sin ín kó tó dé. Láti ìgbà náà, Yèyé kò yéé sọ pé kí òun ṣáà tún rí i lẹ́ẹ̀kan.

"Lọ òmíràn, kí n wò ọ́," ni Yèyé wí.

Làbákẹ́ kúnlẹ̀ ti ọlọ. Ata ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, kóró rẹ̀ kò fọ́. Morónkẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó Òṣogbo, ṣé eyín la ó fi lọ ìyókù ni?"

Ojú gbà mí tì. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Làbákẹ́ sunkún. "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èmi. Ìgbà tí mo wọlé wá bu omi ni mo gbọ́ ìró ọlọ lẹ́yìnkùlé. Mo rò pé ẹnì kan ń ṣàánú mi ni. Mo dúró kó lọ̀ ọ́ tán."

"O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, Yèyé."

"O ò sì pè mí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Yèyé da ata tútù sórí ọlọ, ó kó gbogbo wa wọlé, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. A fetí sí ọlọ. Nǹkan kan ò dún. Adìẹ pàápàá ò ké. Oòrùn fẹ́ wọ̀, a ṣì jókòó.

Yèyé gbé ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

"Fúnmilọ́lá ọmọ mi, má tijú. Èmi nìkan ni."

Làbákẹ́ ló kọ́kọ́ dìde. Ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, kò gbójú sókè. Àwa yòókù tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, a fi Yèyé nìkan sílẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn.