Àgbọn Tó Fẹ́ Lọ sí Bangkok

"Sáwàdí!" Mọ̀dínátù kígbe, ó sì pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà rẹ̀.

"Ẹ rọra, Àǹtí mi," ni Shamsudeen wí, ẹ̀rín sì ń pa á. "Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń kí ara wọn lọ́hùn-ún. Tí ẹ bá kí wọn bí ẹni tó ń pe ọlọ́kadà, wọ́n á rò pé ìjà lẹ wá jà."

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí pálọ̀ Mọ̀dínátù ní Badagry ti di Bangkok, olú ìlú Thailand, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Aṣọ ọmọdé ló ń tà létí títì márosẹ̀. Láti ọdún mélòó kan wá, ọwọ́ àwọn tó ń lọ kó ọjà wá láti òkè òkun ló ti ń rà á, àwọn yẹn ló sì ń jẹ èrè tó pọ̀ jù. Lọ́dún yìí, ó ní òun náà á lọ fúnra òun. Shamsudeen, àbúrò rẹ̀ ìkẹyìn, ló kì í láyà, torí pé ó ti gbé Bangkok rí. Ìyá wọn kú nígbà tí Shamsudeen ṣì kéré. Ẹ̀yìn Mọ̀dínátù ló sùn dàgbà, ó sì fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, àbí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé rò.

"Zulaikha, ìwọ ni onítákísí," ni Shamsudeen wí. "Àǹtí mi, ẹ wọlé."

Zulaikha, ọmọ Mọ̀dínátù, tó wà ní SS2, gbé ọmọrí ìkòkò, ó ń yí i bí ìdarí ọkọ̀. "Mádàámù, ààfin ńlá tí ẹ fẹ́ lọ wò ti tì lónìí o. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ síbi tí wọ́n ti ń ta góòlù tó dáa."

"Ó ti tì? Ó dáa, gbé mi lọ síbẹ̀."

"Wọ́n ti mú yín!" Shamsudeen pàtẹ́wọ́. "Kò tì rárá. Ẹni tí ẹ ò mọ̀ tó bá sọ fún yín pé ibi tí ẹ ń lọ ti tì, ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Onítákísí tó bá kọ̀ láti tan ẹ̀rọ tó ń ka owó, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gba káàdì òtẹ́ẹ̀lì yín, èyí tí wọ́n fi èdè wọn kọ, kó máa wà nínú báàgì yín. Tí ọ̀nà bá dàrú mọ́ yín lójú, ẹ fi han awakọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan orí ọmọ ọlọ́mọ, wọn ò fẹ́ ẹ. Ẹ má sì mu omi ẹ̀rọ."

"Kí ni kí n wá máa mu nínú oòrùn?"

"Omi àgbọn! Kò sí ìkóríta tí wọn ò ti ń tà á, tútù nini. Àgbọn wọn pọ̀ ju ti Badagry lọ."

"Lọ jókòó," ni Mọ̀dínátù wí. Kò sí ohun tí ẹnì kan lè sọ tí yóò mú ọmọ Badagry gba ìyẹn gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́: Shamsudeen kò purọ́. Gbogbo ohun tó kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òótọ́ ni. Tó bá jẹ́ pé irọ́ ló pa ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá má dunni tó bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, ó pe Zulaikha sí ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀rá dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, àgbọn méjì tí wọ́n ti bó ló wà nínú rẹ̀.

"Bá mi fi sábẹ́ aṣọ Màmá rẹ nínú àpótí. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ́hùn-ún ń ṣàárò ilé, yóò wá gbà á ní òtẹ́ẹ̀lì wọn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn, Bọ̀ọ̀dá?"

"O ò mọ ìyá rẹ ni? Wọ́n á ní ẹrù ti wúwo jù. Tí wọ́n bá dé ibẹ̀, màá pè wọ́n." Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ fóònù tuntun jáde. "Tìrẹ nìyí. O ti tó ẹni tó ń lo fóònù. Ṣá má sọ fún wọn títí wọ́n á fi dé."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ bí fóònù ṣe rí lójú ọ̀dọ́. Fóònù Àdùní, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni Zulaikha máa ń yá láti fi ka ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, tí Àdùní á sì máa wo aago mọ́ ọn lórí. Ó gba fóònù náà. Nígbà tó gbé àgbọn, ó mì ín létí, torí pé gbogbo ọmọ Badagry ló ń mi àgbọn kó tó gbé e. Kò dún. Ó mi ìkejì, kò dún. Ọkàn rẹ̀ sọ nǹkan kan fún un, ṣùgbọ́n ó wo fóònù, ó sì pa ọkàn náà lẹ́nu mọ́. Ó fi àgbọn méjèèjì sáàárín híjáàbù ìyá rẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí.

Ọ̀gbẹ́ni Adédìran, ará ilé kejì, ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Mọ̀dínátù lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Shamsudeen ló ṣe àdúà ìrìn àjò fún un. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

Wọn ò tíì lọ jìnnà tí Àdùní fi dé. Ó gba fóònù náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Kí lo ṣe fún ẹni tó fún ọ nírú èyí?"

Zulaikha sọ ọ́ fún un. Àdùní bú sẹ́rìn-ín. "Àgbọn! Kò sí àgbọn ní Bangkok ni?"

Zulaikha la ẹnu láti dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ Shamsudeen ló sọ sí i lọ́kàn: Gbogbo ìkóríta, tútù nini, ó pọ̀ ju ti Badagry lọ. Àgbọn méjèèjì kò sì lómi nínú.

"Zulaikha, kí ló wà nínú nǹkan yẹn?" Àdùní ti dẹ́kun ẹ̀rín. "Ó lè jẹ́ oògùn olóró o. Ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́hùn-ún lè má jáde lẹ́wọ̀n mọ́ láyé."

Ẹ̀rù ba Zulaikha gan-an. Tó bá pe ìyá rẹ̀, yóò jẹ́wọ́ pé òun lòun fi nǹkan náà síbẹ̀. Tí kò bá pè é, ìyá rẹ̀ ń lọ. Fóònù tuntun náà ló fi pè é. Wọ́n ti dé Aradagun, lójú ọ̀nà Èkó.

"Màmá, ẹ padà. Mo fi nǹkan sínú ẹrù yín. Bọ̀ọ̀dá Shamsu ló ní kí n fi síbẹ̀."

Mọ̀dínátù pa ìpè náà. Ó ní kí Ọ̀gbẹ́ni Adédìran yí ọkọ̀ padà.

Nígbà tó wọlé, gàrí ni Shamsudeen ń mu ní pálọ̀. Ó dìde. "Àǹtí mi, ṣé kò sí o? Kí lẹ gbàgbé?"

Mọ̀dínátù gbé àgbọn méjèèjì kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ rẹ̀. "Gàrí láìsí àgbọn, Shamsu? Fọ́ ọ̀kan, ká jọ jẹ ẹ́."

Shamsudeen wo àgbọn, ó sì wo Zulaikha. Ojú tó fi wò ó dà bí ìgbà tó jẹ́ pé Zulaikha ló dalẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má fọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́."

Mọ̀dínátù gbé ọmọ odó, ó fọ́ ọ. Omi kò dà jáde, kò sì sí ẹran àgbọn nínú rẹ̀. Ìdì ọ̀rá kéékèèké ló yí kalẹ̀, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ló wà nínú wọn.

"Wọn kì bá tí yẹ ẹrù yín wò, Àǹtí mi," ni Shamsudeen ń wí. "Ẹni tó bá rí yín á mọ̀ pé èèyàn dáadáa ni yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi..."

"Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí a fi ń rẹ́rìn-ín nínú pálọ̀ yìí, Shamsu, ṣé ẹrù rẹ lò ń dì?"

Ọ̀gbẹ́ni Adédìran, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ló pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró. Wọ́n mú Shamsudeen lọ, wọ́n sì gba fóònù lọ́wọ́ Zulaikha pẹ̀lú. Bààlúù ti lọ, tíkẹ́ẹ̀tì ti ṣòfò. Mọ̀dínátù jókòó sílẹ̀, ó sunkún ọmọ tó pọ̀n dàgbà.

Zulaikha sún mọ́ ọn. "Màmá, ẹ máà bínú. Ó tàn mí ni."

"Ó tàn ọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n nígbà tí ò ń ká híjáàbù mi bò ó, ta lo rò pé ìwọ náà ń tàn?"



Lẹ́yìn Iléyá, Mọ̀dínátù tún múra ìrìn àjò. Zulaikha ká híjáàbù rẹ̀, ó gbé wọn wá sí yàrá bó ṣe máa ń ṣe. Ìyá rẹ̀ gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "O ṣé, ọmọ mi. Fi í sílẹ̀, màá dì í fúnra mi." Kò bínú, kò jágbe. Ó tú aṣọ kọ̀ọ̀kan, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un ká. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ti àpótí, ó sì so ọmọ kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó dun Zulaikha ju ẹgba lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́. Ẹni tó ń rìnrìn àjò, ẹrù tí kò bá fọwọ́ ara rẹ̀ dì, kó má gbé e, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ló rán an. Tí àgbàlagbà bá sì fún yín ní ẹ̀bùn, tó ní kí ẹ má sọ nǹkan kan fún òbí yín, ẹ̀bùn kọ́ nìyẹn. Owó iṣẹ́ ni, ẹ ò sì tíì mọ iṣẹ́ tó jẹ́.

Zulaikha ló gbé àpótí náà dé ìdí ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò lára àpótí náà títí wọ́n fi gbé e sínú bútù.